Ipò Ẹ̀rí nínú Ìgbékalẹ̀ Ìlànà Ìjọba: Àyẹ̀wò Ìlànà Èdè Ìkọ́ni ní Nàìjíríà

Ìfáàrà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Dókítà Tunji Alausa, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé Ìlànà Èdè Orílẹ̀-èdè tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ìlànà tí wọ́n fagi lé yìí ni ó là á sílẹ̀ pé èdè abínibí ọmọ tàbí èdè àdúgbò rẹ̀ ni kí olùkọ́ máa fi kọ́ ọ láti kíláàsì kìíní títí dé kíláàsì kẹfà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba ní kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ìdí tí Mínísítà gbé kalẹ̀ ni pé àkójọ ìsọfúnni tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba fi hàn pé agbègbè tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni jù lọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fìdí rẹmi jù lọ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ èdè, pàápàá àwọn tí wọ́n ń kọ́ni ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi ìbínú dáhùn. Iṣẹ́ yìí kò gba ọ̀nà ìbínú. Ẹ̀rí ni Mínísítà pè, ẹ̀rí sì ni ohun tí ó ṣe é yẹ̀ wò: ta ni ó jẹ́ ẹ, kí ni ó rí, kí sì ni wọ́n fi í wé? Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni bí ẹ̀rí ṣe ń wọ inú ilé-iṣẹ́ ìjọba, bí ó ṣe ń sọnù níbẹ̀, àti ohun tí a lè ṣe kí ó má baà máa sọnù.

Kí ni ẹ̀rí nínú iṣẹ́ ìjọba?

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó gbọ́ àti ẹni tí ó rí. Ní ààfin tàbí ní ojúde baálé, bí ẹlẹ́rìí bá dé, a kì í béèrè èrò ọkàn rẹ̀. Ibi tí ó dúró sí nígbà tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ ni a ń béèrè. Òwe tí ó sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, kò bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀rí ẹnìkan náà. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó gbé ìdájọ́ ró bí kò bá sí òmíràn tí a fi wé e. Ìlànà yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ nípa ìṣèjọba tún ń tẹnu mọ́ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, pé kí ìjọba tó ná owó ìlú sórí ètò kan, kí ó wádìí bóyá ètò náà ń ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe, kí ó sì fi àwọn tí ètò náà kàn wé àwọn tí kò kàn.

A gbọ́dọ̀ fi kún un pé ẹ̀rí nìkan kọ́ ni ó ń bí ìlànà. Owó wà níbẹ̀, ìfẹ́ àwọn ará ìlú wà níbẹ̀, ìbò náà sì wà níbẹ̀. Mínísítà tí ó bá sọ pé òun yan Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé àwọn òbí fẹ́ ẹ ti ṣe ohun tí ìjọba àwa-ara-wa fún un láyè láti ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé ìṣirò ni ó ní kí òun ṣe é, a ní ẹ̀tọ́ láti wo ìṣirò náà.

Iye ọmọ tí a kò mọ̀

Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ èdè, ó yẹ kí a wo irú ẹ̀rí tí ó rọrùn jù lọ, èyí tí í ṣe iye ènìyàn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olóyè S. O. Awókòyà, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ẹkùn náà, ti gbé àbá ètò yìí síwájú ilé ìgbìmọ̀ láti oṣù keje ọdún 1952. Èyí túmọ̀ sí pé ọdún méjì ààbọ̀ ni wọ́n fi kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n fi kọ́ olùkọ́, tí wọ́n sì fi wá owó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò tí ó ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1955 kò ṣe é fojú kéré: àwọn ọmọ-ìwé tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní ọdún 1954 di 811,432 láàárín ọdún kan. Owó-orí àkànṣe tí wọ́n bù lé àwọn ènìyàn nítorí ètò náà wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ Action Group pàdánù ní ẹkùn náà nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò tìtorí èyí dá ètò náà dúró.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ irú ètò kan náà fún gbogbo Nàìjíríà. Àwọn aṣètò ń retí ọmọ bí i mílíọ̀nù 2.3 ní kíláàsì kìíní, ṣùgbọ́n nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ni ó dé. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ ọba ìgbà náà kò mọ ìṣirò. Ètò ìkànìyàn ọdún 1973 ti forí ṣánpọ́n nítorí ẹ̀sùn èrú, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Mohammed sì ti wọ́gi lé e ní 1975. Wọ́n wá padà sí iye ti ọdún 1963, tí òun fúnra rẹ̀ ní awuyewuye nínú. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ jókòó sábẹ́ igi, a sì sáré kó àwọn tí kò ì tí ì gba ẹ̀kọ́ tó wọ iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ohun tí ìkánjú yìí bàjẹ́ ṣe.

Ìṣòro yìí kò tí ì tán. Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé àwọn ará ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ 9,013,534. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà, tí ó ka ènìyàn tirẹ̀ ní àsìkò kan náà, ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì! Kọmíṣọ́nnà tí ó bá fẹ́ mọ iye yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí Àlímọ́ṣọ́ nílò, èwo ni yóò lò? Wọ́n sì ti sún ìkànìyàn tí wọ́n ṣètò fún ọdún 2023 síwájú.

Iṣẹ́ Ìwádìí Ifẹ̀, 1970

Ní ti èdè ìkọ́ni, ìtàn náà yàtọ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni Nàìjíríà ti ní ẹ̀rí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà kò ní. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó fún wọn lówó. Ìlànà ìwádìí náà rọrùn láti ṣàlàyé. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọ̀wọ́ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, tí olùkọ́ àkànṣe ń kọ́ wọn. Ọ̀wọ́ kejì, tí í ṣe ọ̀wọ́ ìfiwéra, gba ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, wọ́n mú un dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Iṣẹ́ ńlá tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà ni pé wọ́n ní láti kọ ìwé ìṣirò, ti sáyẹ́ǹsì àti ti ìmọ̀ àwùjọ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí pé kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílẹ̀.

Àbájáde rẹ̀, tí Fáfúnwá, Macauley àti Sokoya gbé jáde nínú ìwé ní ọdún 1989, ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ibi tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nìyí, nítorí pé ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ òbí ni pé wákàtí tí ọmọ bá lò lórí Yorùbá ti bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwádìí Ifẹ̀ ní ààlà, ó sì yẹ kí àwọn tí ń gbè é lẹ́yìn jẹ́wọ́ rẹ̀. Èdè kan ṣoṣo ni ó kàn, ní agbègbè tí èdè náà ti jẹ́ ti gbogbo ọmọ inú kíláàsì. Àwọn ọmọ tí ó wà nínú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ kò pọ̀. Ìwé tuntun àti olùkọ́ àkànṣe tí wọ́n ní pẹ̀lú lè ran wọn lọ́wọ́, yàtọ̀ sí ti èdè. A kò lè kàn gbé àbájáde Modákẹ́kẹ́ lọ sí Ajégúnlẹ̀, níbi tí ọmọ Ìjọ́, ọmọ Úróbò, ọmọ Íbò àti ọmọ Yorùbá ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Ní ọdún 1970 kan náà, iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kay Williamson ṣe aṣáájú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé kíkà ní nǹkan bí ogún èdè àti ẹ̀ka-èdè, tí ó fi hàn pé àwọn èdè kéékèèké pàápàá ṣe é kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n kíkọ ìwé ní èdè kan kò tí ì jẹ́ ẹ̀rí pé ó ṣe é fi kọ́ni ní kíláàsì tí ó ní èdè mẹ́rin. Ìwádìí fún irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ni ó ṣì jẹ wá lógún.

Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992. Bí ẹ̀rí bá ń rìn fúnra rẹ̀ láti inú yunifásítì dé inú ilé-iṣẹ́ ìjọba, ìgbà yẹn ni ìbá dé. Kò dé. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní 1977, tí wọ́n sì ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, kò kọjá èdè abínibí ní ọdún ìbẹ̀rẹ̀. Ó di ọdún 2022, ìyẹn ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn tí wọ́n wọ kíláàsì ní Modákẹ́kẹ́, kí ọdún mẹ́fà tó di ìlànà lórí ìwé.

Ẹ̀rí tí ó fagi lé ìlànà ọdún 2022

Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 wà ní kíláàsì kẹrin nígbà tí Mínísítà ń sọ̀rọ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ tí ìlànà ọdún 2022 kàn tí ó ti jókòó ṣe ìdánwò WAEC, NECO tàbí JAMB. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí Mínísítà ìgbà náà, Mallam Adamu Adamu, ń kéde ìlànà náà ní 2022, ó sọ ọ́ ní gbangba pé àmúṣẹ rẹ̀ yóò dúró de ìgbà tí ìwé ìkọ́ni bá wà tí olùkọ́ tí ó tó sì wà nílẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí ìdánwò ọdún 2025 bá sọ, kò lè sọ ọ́ nípa ìlànà tí wọ́n fagi lé.

Ẹni tí ó bá ń gbèjà Mínísítà lè dáhùn pé èdè abínibí ti wà ní kíláàsì ṣáájú 2022, lábẹ́ ìlànà ti àtijọ́. Òótọ́ ni. Àwọn tí wọ́n ṣe WAEC ní 2025 wọ kíláàsì kìíní ní nǹkan bí ọdún 2013. Ìlànà tí ó wà nígbà náà ní kí wọ́n gba ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní èdè àdúgbò, kí wọ́n sì gba mẹ́sàn-án tí ó kù ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá wá fìdí rẹmi, kí ni ó sọ fún wa pé ọdún mẹ́ta ni ó jẹ̀bi, tí mẹ́sàn-án kò jẹ̀bi?

Ti ìfiwéra agbègbè tún wà níbẹ̀. Ilé oníṣègùn ni aláìsàn máa ń pọ̀ sí jù lọ ní ìlú. Ẹni tí ó bá tìtorí èyí sọ pé oníṣègùn ni ó ń fa àìsàn kò tí ì yé ọ̀rọ̀. Àwọn agbègbè Nàìjíríà kò fi èdè ìkọ́ni nìkan yàtọ̀ síra. Wọ́n yàtọ̀ ní ti ọrọ̀, ní ti iye olùkọ́, ní ti ààbò, àti ní ti iye ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ fi wà níbẹ̀. Kí a tó di ẹ̀bi ru èdè, a gbọ́dọ̀ fi ilé-ẹ̀kọ́ wé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jọ ọ́ nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, nínú ìpínlẹ̀ kan náà, kí a sì kọ́kọ́ mọ èdè tí olùkọ́ ń sọ ní kíláàsì ní ti gidi. Ohun tí ó wà nínú ìwé ìlànà kọ́ ni gbogbo olùkọ́ ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò fìgbà kan fi Yorùbá kọ́ni rí, àwọn kan tilẹ̀ ń jẹ ọmọ níyà bí ó bá sọ ọ́.

Èsì ìdánwò fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, WAEC kọ́kọ́ kéde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó yege nínú iṣẹ́ márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà lára wọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe máàkì àwọn ìbéèrè kan, iye náà sì di 62.96. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, JAMB ti kọ́kọ́ gbà pé àṣìṣe ẹ̀rọ ba ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 jẹ́ ní ibùdó 157, wọ́n sì ní láti pè wọ́n padà. Àwọn àjọ méjèèjì ṣe ohun tí ó tọ́ bí wọ́n ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n iye tí ó lè fò láti 38 sí 62 láàárín ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe ohun tí a lè gbé ìlànà orílẹ̀-èdè lé láìbi í ní ìbéèrè.

Ibi tí ẹ̀rí ń sọnù sí

Kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ ìjọba kò ní ibi tí ẹ̀rí yẹ kí ó gbé. Àtúntò iṣẹ́ ọba ti ọdún 1988 dá Ẹ̀ka Ìṣètò, Ìwádìí àti Ìṣirò sílẹ̀ ní gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọdún 1988 náà ni àjọ NERDC, tí iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀kọ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, di ohun tí ó jẹ́ lónìí. Òfin ọdún 2007 dá Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, ó sì fún ilé-iṣẹ́ tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ méje láti dáhùn.

Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò fáìlì ni ó ń pa ẹ̀rí. Òṣìṣẹ́ kékeré a kọ ìwé olójú-ewé ogún. Ọ̀gá rẹ̀ a gé e sí márùn-ún. Olùdarí ẹ̀ka a sọ ọ́ di méjì. Akọ̀wé àgbà a sì fi ìpínrọ̀ kan ṣọwọ́ sí mínísítà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń gé kúrò ni àwọn gbólóhùn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "bí" àti "ṣùgbọ́n", ìyẹn ààlà ìwádìí náà. Nígbà tí ó bá dé òkè, gbogbo rẹ̀ ti di òdodo pọ́ńbélé. Ẹ̀wẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà lè ti gba ìwé ìṣípòpadà lọ sí ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn. Ní ti àwọn onímọ̀, bóyá ni ìwé ìwádìí bí irú èyí ń dé orí tábìlì akọ̀wé àgbà kankan. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé ìkàwé yunifásítì, eruku bò ó, kò sì sí ẹni tí ó ń gba owó oṣù láti kó o jọ, kí ó sì tú u sí gbólóhùn tí olùṣèjọba lè lò.

Àwọn àbá

Kí mínísítà tàbí kọmíṣọ́nnà tó mú ìlànà kan wá síwájú ìgbìmọ̀, ó yẹ kí òfin ilé-iṣẹ́ rẹ̀ béèrè pé kí ó so ẹ̀rí tí ó gbé e ró mọ́ ọn, kí ó sì tẹ ẹ̀rí náà jáde fún gbogbo ènìyàn. Bákan náà ni ó yẹ kí ó rí bí ó bá fẹ́ fagi lé e. Bí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ bá tẹ àkójọ ìsọfúnni ti ọdún 2025 jáde, láìfi orúkọ ọmọ kankan hàn, àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn, ní Kánò àti ní Ǹsúkà yóò lè fúnra wọn yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè jẹ́ pé wọn yóò rí ohun tí Mínísítà rí.

Èkejì ni pé kí a máa dán ìlànà wò kí ó tó di ti gbogbogbòò. Ìjọba Mexico ṣe èyí ní 1997 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò Progresa, tí ó ń fún àwọn ìyá aláìní lówó bí ọmọ wọn bá ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì ń gbé wọn lọ fún ìtọ́jú. Nínú abúlé 506 tí wọ́n fi ṣe ìwádìí, wọ́n ṣẹ́ gègé fún 320 láti bẹ̀rẹ̀, 186 sì dúró di ìgbà mìíràn. Èsì rẹ̀ hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ẹgbẹ́ tí ó dá a sílẹ̀ pàdánù ìjọba ní ọdún 2000, ìjọba tuntun kò pa á tì. Orúkọ nìkan ni wọ́n yí padà. Orí ìjókòó ìjọba tí ó yàtọ̀ síra ni ó gbà kọjá títí di 2019. Ní Nàìjíríà, níbi tí mínísítà tuntun ti sábà máa ń dé pẹ̀lú ìlànà tuntun, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ètò ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí òfin ilẹ̀ wa fún ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ lágbára lé lórí. Ìpínlẹ̀ Èkó ti lo agbára yìí nígbà tí ó ṣe òfin lórí ẹ̀kọ́ Yorùbá ní 2018. Àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Gúúsù kò ní láti dúró de Àbújá kí wọ́n tó wádìí. Ìpínlẹ̀ kan lè yan ogójì ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, díẹ̀ ní ìgbèríko, díẹ̀ ní àárín ìlú ńlá, kí ó ṣẹ́ gègé láti mọ èyí tí yóò fi Yorùbá kọ́ni dé kíláàsì kẹfà, kí ó pèsè ìwé fún ọ̀wọ́ méjèèjì bákan náà kí àríyànjiyàn orí Modákẹ́kẹ́ má baà tún wáyé, kí ó sì dán gbogbo wọn wò ní kíláàsì kẹta àti kẹfà. Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní 1984 àti 1990 ti pèsè ọ̀rọ̀ fún olùkọ́. Bí òní ti rí, ọ̀la kò rí bẹ́ẹ̀, ni ó ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ìwádìí náà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ máa wáyé láti ìgbà dé ìgbà, nítorí pé ọmọ Yorùbá tí ń wọ kíláàsì kìíní ní ìlú ńlá lónìí kì í fìgbà gbogbo gbọ́ Yorùbá bí ti ọdún 1970.

Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú gbogbo àbá wọ̀nyí ni ó ní gbèdéke. Àwọn ọmọ tí wọ́n wọ kíláàsì kìíní ní 2022 yóò parí kíláàsì kẹfà ní 2028. Orúkọ wọn wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Bí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ bá ní kí wọ́n kọ èdè tí wọ́n fi kọ́ olúkúlùkù wọn ní ọdọọdún sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ kí àwọn olùkọ́ wọn tó gba ìṣípòpadà, ìfiwéra yóò ṣeé ṣe.